Bí mo ṣe so kámẹ́rà mọ́ Corolla mi, kí ó lè máa ṣọ́ ọ níbi tí mo bá páàkì sí

Jímọ̀ tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀

Mo páàkì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Táíwò Ìsàlẹ̀ ní Ìlọrin, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé, mo sì lọ kírun Jímọ̀. Nígbà tí mo fi máa padà dé, fẹ́ńdà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ti wọnú. Ike iná kékeré tó wà níbẹ̀ ti fọ́ sílẹ̀, ọ̀dà yẹ́lò kan sì fà tẹ́ẹ́rẹ́ lára ọ̀dà fàdákà ọkọ̀ mi, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹni tó ṣe é ti lọ. Kò fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní ọ̀ọ́kán ibẹ̀ ní òun gbọ́ "gbàà", ṣùgbọ́n kí òun tó gbójú sókè, àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìrun ti bo ojú ọ̀nà.

Panẹbítà ní ₦45,000 ni òun máa gbà, iná tuntun kò sí nínú rẹ̀. Íńṣọ́ránsì third party ni èmi ní, èyí tí gbogbo wa ń san ₦15,000 fún láti ọdún 2023. Ohun tí mo bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn ni íńṣọ́ránsì yẹn ń san, títí dé mílíọ̀nù 3 náírà. Kì í tún ọkọ̀ tèmi ṣe. Íńṣọ́ránsì ẹni tó gbá mi ló yẹ kó tún un ṣe, ẹni náà ni mi ò sì mọ̀.

Nínú ìbínú yẹn ni mo lọ bá Ráúfù. Kẹ̀kẹ́ ló ń wà, yẹ́lò ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ibi tí mo páàkì sí yẹn gan-an ló sì máa ń dúró sí láti kó èrò. Mo sọ̀rọ̀ sí i níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Alájì, mo fi Ọlọ́run búra, kì í ṣe èmi." Mi ò gbà. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé ó wà lára iṣẹ́ yìí, ẹ óò rí i níwájú.

Àtìní: ohun tí mo rà

Dash cam ni mo pinnu láti rà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé tí ẹ bá ti lẹ kámẹ́rà mọ́ gíláàsì, ó parí. Kò parí rárá. Kámẹ́rà tó ń mu iná láti ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá nínú ọkọ̀, bí ẹ bá ti pa ọkọ̀, òun náà ti kú nìyẹn. Ìgbà tí ẹ wà nínú ọkọ̀, tí ojú yín ń ṣiṣẹ́, ni ó ń bá yín wo ọ̀nà. Ìgbà tí ẹ kò sí níbẹ̀ ló ń sùn. Ohun tí mo ń wá ni èyí tí wọ́n ń pè ní parking mode, kí kámẹ́rà máa wò lẹ́yìn tí mo bá ti tilẹ̀kùn tí mo lọ.

Mo ra olójú méjì, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, ₦85,000. Mo béèrè ohun kan kí n tó sanwó: ṣé bátìrì lítíọ́mù ló wà nínú rẹ̀ ni, àbí kàpásítọ̀? Ìlọrin nínú oṣù Kẹta kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń gbé lítíọ́mù kọ́ sí gíláàsì. Dáṣíbọọ̀dù ọkọ̀ tí wọ́n tì pa nínú oòrùn ọ̀sán máa ń gbóná kọjá 60 digirí. Bátìrì lítíọ́mù máa wú nínú ooru bẹ́ẹ̀, ó lè já ikùn kámẹ́rà, ó tilẹ̀ lè gbiná. Kàpásítọ̀ kì í gbé iná púpọ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ló fi ń ran kámẹ́rà lọ́wọ́ kí ó lè fi fídíò pamọ́ nígbà tí iná bá já, ṣùgbọ́n ó ń fara da ooru. Kàpásítọ̀ ni mo mú.

Mo ra mẹ́mórì kádì 128 GB, irú èyí tí wọ́n kọ High Endurance sí lára. Kámẹ́rà ọkọ̀ kì í dẹ́kun kíkọ. Bí ojú méjèèjì bá ń ká fídíò 1080p, ìwọ̀n tí àwòrán ti mọ́ dáadáa, bíi wákàtí 11 ni 128 GB yóò gbà kí ó tó padà wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti àtijọ́ rẹ́. Kádì fóònù lásán kò ní pẹ́ bàjẹ́ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá sì nílò rẹ̀ gan-an ni ẹ óò mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Ohun kẹta ni hardwire kit, okùn iná olórí mẹ́ta, ₦12,000. Lórí okùn yìí ni gbogbo iṣẹ́ tó kù dá lé.

Àlàrùba: lọ́dọ̀ Bàbá Àbíbù

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá Bàbá Àbíbù, ríwáyà mi, ní Gáà Akanbí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe iná ọkọ̀, kò sì gbà kí n kan fi wáyà kan orí bátìrì kí n wé e ní tépù. Ó ní, "Ọmọ mi, iná tí kò ní fíúsì, ilé ló ń jó."

Àpótí fíúsì Corolla yìí wà lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, lápá òsì sítíárì, ibi tí orúnkún dẹ́rẹ́bà máa ń wà. Okùn pupa ń fẹ́ ibi tí iná ń wá nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ nìkan, kí kámẹ́rà lè mọ ìgbà tí mo ń wakọ̀ àti ìgbà tí mo ti páàkì. Okùn yẹ́lò ń fẹ́ ibi tí iná kì í lọ. Dúdú ń fẹ́ irin ara ọkọ̀. Bàbá Àbíbù dọ̀bálẹ̀ sórí páálí, ó ki orí sábẹ́ sítíárì, ó ní kí n máa ka mítà tó ń wọn iná fún òun. Ó ń fi ẹnu mítà kan orí fíúsì kọ̀ọ̀kan níkọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ wà ní pípa: òfo, òfo, òfo, 12.4 volt. Ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan: ọ̀kan nínú àwọn òfo yẹn di 12.3. Ti CIG nìyẹn, ihò iná sìgá, a mú un fún pupa. Ti DOOR, tó ń ti ilẹ̀kùn, kì í kú, a mú un fún yẹ́lò. Fíúsì tó jẹ mọ́ airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan), ABS ti bíréèkì àti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ó ní ká má ṣe fọwọ́ kàn wọ́n láéláé, kódà bí iná wọn bá dára jù.

A kò gé wáyà ọkọ̀ kankan. Ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ ojú fíúsì, tó ní ojú méjì: ẹ máa dá fíúsì àtijọ́ padà sí ojú kan, ẹ óò fi fíúsì 3 ampere ti kámẹ́rà sí ojú kejì. Àkọ́kọ́ tí a kì bọ̀ ọ́, Bàbá yọ ọ́, ó yí i padà. Ó ní ọ̀nà òdì ni mo fi sí i, pé bí ó ṣe wà yẹn, iná kámẹ́rà máa gba inú fíúsì àtijọ́ kọjá kí ó tó dé tirẹ̀. Èmi ò bá ti má mọ̀.

Ojú kejì tí a fi sùúrù ṣe ni ọ̀pó gíláàsì iwájú. Nínú ọ̀pó yẹn ni airbag ẹ̀gbẹ́ máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wáyà gbọ́dọ̀ gbà. Bí wáyà bá gba iwájú rẹ̀, ọjọ́ tí airbag bá tú, wáyà yẹn lè dí i lọ́nà, ó sì lè fò bá ènìyàn lójú. Mo ti rí iṣẹ́ àwọn tó kàn fi ọwọ́ ti wáyà bọ ibi tí àyè bá wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Kámẹ́rà iwájú wà lẹ́yìn dígí àárín, kò hàn láti ìta. Mo pa iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí ó hàn kí ẹ̀rù lè ba ẹni tó fẹ́ sá lọ. Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ gíláàsì mi nítorí ₦85,000. Mo pa ohùn rẹ̀ náà, nítorí pé àwọn ènìyàn ń bá mi sọ̀rọ̀ àṣírí nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ohun tí ó yẹ kó wà nínú kádì mi.

Àtìní kejì: ọkọ̀ kò jí

Sátidé ni mo páàkì nílé ní Tánkẹ̀, mi ò jáde ní Sọ́ńdè. Àárọ̀ Àtìní, mo yí kọ́kọ́rọ́: ká-ká-ká-ká. Ọkọ̀ kò ta. Jọ́mpà ọkọ̀ aládùúgbò ni a fi jí i.

Àṣìṣe tèmi ni. Hardwire kit ní bọ́tìnnì kékeré kan tí ẹ óò fi sọ fún un pé bí iná bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ dé ibi báyìí, kí ó já kámẹ́rà kúrò. Láti ilé iṣẹ́, 11.6 volt ni wọ́n fi sí, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bátìrì ọkọ̀ tó kún dáadáa, tó ti sinmi, á wà ní 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ní 12.2, ó ti ku bí ìdajì. Ní 12.0, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù. 11.6 ti tán pátápátá. Tèmi tún ti lo ọdún mẹ́ta.

Mo yá mítà Bàbá Àbíbù, mo fi wọ̀n ohun tí kámẹ́rà ń mu: 0.42 ampere nígbà tí ojú méjèèjì bá ń ká fídíò tààrà. Wákàtí 36 láti alẹ́ Sátidé dé àárọ̀ Àtìní, bíi 15 ampere-wákàtí nìyẹn, nínú bátìrì tí wọ́n kọ 55 sí lára nígbà tó wà ní tuntun. Nínú time-lapse, tó ń ya àwòrán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó mu 0.28. Wákàtí 12 irú èyí kò ju bíi 3.4 lọ.

Tánkẹ̀ sí Táíwò, ìṣẹ́jú 25 ni lójoojúmọ́. Bí alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, bá ń dá ampere 10 padà sínú bátìrì ní gbogbo àkókò yẹn, bíi 4 ló máa wọlé. Ó tó 3.4. Kò lè tó 15 láéláé. Nítorí náà mo gbé ojú ìjá-iná sí 12.2, mo yan time-lapse, mo sì ní kí ó sùn fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 12. Ní òru, nílé, ọkọ̀ mi wà nínú géètì, mo máa ń yọ ọ́ pátápátá. Ọjà àti ìgboro ni mo ra á fún. Láti ìgbà yẹn, bátìrì kò tíì lọ sábẹ́ 12.3 ní àárọ̀ kankan tí mo wọ̀n ọ́n.

Àlàmísì: páálí àti nọ́ńbà

Mo fẹ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí gan-an. Mo gé páálí ní ìwọ̀n nọ́ńbà ọkọ̀, mo kọ lẹ́tà mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta, lẹ́tà méjì sí i bí ti gidi, mo sì ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé e rìn yí ọkọ̀ ká.

Ní mítà 3 níwájú, ó hàn bí ẹni ń kàwé. Ní mítà 6, a kà á, ṣùgbọ́n B àti 8 di ọ̀kan náà. Ní mítà 10, funfun lásán ni. Lálẹ́ tí a tan iná ọkọ̀ mìíràn sí i, páálí náà di ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo, kò sí ohun tí a rí kà. Ti ẹ̀yìn burú jù, nítorí pé gíláàsì ẹ̀yìn mi dúdú díẹ̀. Ẹ má gbà gbọ́ pé kámẹ́rà ₦85,000 máa ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń sáré lọ ní òdìkejì títì.

Nígbà tí ọmọ náà dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó pòórá. Kámẹ́rà iwájú kò rí i, ti ẹ̀yìn kò rí i. Ó rìn láti iná iwájú dé iná ẹ̀yìn bí ẹni tó wọnú ilẹ̀. Mo jókòó, mo ro ó: ibi tí wọ́n ti sábà máa ń họ ọkọ̀ gan-an nìyẹn. Ọmọ náà ló là mí lójú. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Bọ̀dá, ibi yòówù kí n bá ẹ̀gbẹ́ gbà, mo gbọ́dọ̀ jáde níbì kan." Òótọ́ ni. Ẹni tó bá gbá ilẹ̀kùn mi kò ní dúró síbẹ̀. Yóò gba iwájú lọ tàbí kí ó gba ẹ̀yìn lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń yan bí mo ṣe ń páàkì: mo máa ń kọjú ọkọ̀ sí ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà jáde kúrò níbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ sá lè gba iwájú ojú mi kọjá, nínú mítà 3 sí 5. Bí igi dóńgóyárò bá wà níbẹ̀, mo wọ abẹ́ rẹ̀, nítorí ooru.

Motion detection, èyí tó ń jí kámẹ́rà bí ohunkóhun bá rìn níwájú rẹ̀, mo gbìyànjú rẹ̀ fún ọjọ́ kan ní Ìpàtà. Ewúrẹ́, ọ̀kadà, aláàárù, ìyá tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀: gbogbo wọn ló ń jí kámẹ́rà. Fídíò tó ju 200 lọ ní ọ̀sán kan, kò sí ọ̀kan tó wúlò. Mo pa á. Èyí tó ń mọ̀ bí wọ́n bá gbá ọkọ̀, mo fi sí àárín. Nígbà tó wà lókè, tírélà tó ń kọjá ń jí i. Nígbà tó wà nísàlẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bámpà títí ọwọ́ fi ta mí, kò mọ̀.

Ohun kékeré kan tó kù tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: aago. Ó wá pẹ̀lú ọdún 2020 àti wákàtí ilẹ̀ òkèèrè. Mo yí i sí ti wa, GMT+1. Fídíò tí ọjọ́ rẹ̀ kò tọ̀nà, ẹnikẹ́ni lè sọ pé ti ìgbà mìíràn ni.

Jímọ̀ kẹrin

Ibi kan náà, ìrun kan náà. Mo jáde, mo wo ọkọ̀, mo rí ihò kékeré lára bámpà iwájú àti ọ̀dà yẹ́lò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Mo wọnú ọkọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo so fóònù mọ́ Wi-Fi kámẹ́rà.

Aago 1:52 ọ̀sán ni wọ́n kọ sí i. Nínú time-lapse, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fò bọ̀ sẹ́yìn, ní àwòrán kan ó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ní èkejì ó ti sún mọ́ mi, ní ẹ̀kẹta irin ẹ̀yìn rẹ̀ ti gba gbogbo ìsàlẹ̀ ojú kámẹ́rà. Irin yẹn, yẹ́lò ni wọ́n kùn ún. Àwòrán mì. Láti ibẹ̀ ni fídíò ti di tààrà, kò sì ní ohùn. Ọmọ kan ń fi ọwọ́ gbá ara ọkọ̀ náà, ẹnu rẹ̀ là, ẹ lè rí i pé "dúró" ló ń pariwo. Dẹ́rẹ́bà sọ̀ kalẹ̀. Àgbàlagbà ni. Ó tẹ̀, ó wo bámpà mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wọlé, ó lọ. Nígbà tó kúrò bíi mítà 3, nọ́ńbà rẹ̀ hàn kedere, lẹ́tà kan kò sọnù.

Mo yọ kádì náà lójú ẹsẹ̀, mo fi òmíràn sí i, kí kámẹ́rà má baà kọ nǹkan lé e lórí. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ̀dà ni. Ojúlówó wà nínú kádì, nínú àpò ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ lára rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, abala 84 nínú Evidence Act ti 2011, òfin nípa ẹ̀rí, ń fẹ́ ìwé-ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ tí fídíò ti jáde, ó sì rọrùn láti kọ ọ́ bí ojúlówó bá wà lọ́wọ́. Mi ò gbé e sórí Facebook. Ojú ọmọ tó ń pariwo wà nínú rẹ̀, kò sì ṣẹ̀ mí.

Alájà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kẹta sí tèmi mọ ọkọ̀ náà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni dẹ́rẹ́bà yẹn máa ń gbé ọjà wá fún un. Alájà pè é. Ní Sátidé, dẹ́rẹ́bà náà wá pẹ̀lú ẹni tó ni ọkọ̀. Mo fi fídíò hàn wọ́n láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà mo mú tépù, mo wọ̀n irin ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 60 láti ilẹ̀. Ọ̀dà ti Jímọ̀ àkọ́kọ́ lára fẹ́ńdà mi, tí mi ò tíì tún ṣe: 61. Bàbá náà ní ti àkọ́kọ́ yẹn, òun rò pé òkúta ni òun gùn. Ẹni tó ni ọkọ̀ ní íńṣọ́ránsì, a lè gba ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n ó yàn láti san án lọ́wọ́: bámpà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, fẹ́ńdà ní ìdá méjì. Ìdá kìíní ti wọlé.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo gbé tépù kan náà lọ bá Ráúfù. Mo wọ̀n kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn tí mo ti sọ̀rọ̀ sí i níwájú wọn. Ní gíga 60, kò sí ibi tí ọ̀dà rẹ̀ họ tàbí tí wọ́n tún kùn. Tépù yẹn wà nínú bọ́ọ̀tù mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú kan ni yóò gbà mí, mi ò sì ṣe é. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Kò burú, Alájì. Ẹ jẹ́ kí n wo fídíò náà." Ó wò ó tán, ó béèrè iye tí kámẹ́rà jẹ́, ó sì ní àwọn ènìyàn máa ń gbá kẹ̀kẹ́ òun náà bí òun bá lọ jẹun. Ṣé bátìrì kẹ̀kẹ́ lè gbé e?

12 volt ni tiẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó kéré sí ti ọkọ̀. Bàbá Àbíbù ti ní kí a gbé e wá ní Sátidé tó ń bọ̀, pẹ̀lú mítà. Olójú kan ṣoṣo ni a máa fi bẹ̀rẹ̀, a ó sì fi ojú ìjá-iná sí 12.2. Èmi ni mo máa ra okùn náà.